Orí Kẹfà: Bí A Ṣe Ń Tún Ìwé DACA Ṣe, àti Iṣẹ́ Tó Kan Àwọn Ará Ilé

Orí yìí wà fún àwọn òbí àti ẹ̀gbọ́n ní Kabala Costain, ní Kaduna, tí wọ́n ní ọmọ tàbí àbúrò kan ní Amẹ́ríkà, tó ti débẹ̀ láti kékeré, tí kò sì ní green card. Bí ọmọ náà bá ń ṣiṣẹ́, tó ní nọ́ńbà Social Security, tó ń san owó orí, ṣùgbọ́n tí kò tíì fẹsẹ̀ kan Nàìjíríà láti ọjọ́ tó ti lọ, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ pé DACA ló fi ń gbé ibẹ̀. Ọ̀pọ̀ ilé ni kò mọ orúkọ yìí. Ọmọ á ní òun fẹ́ tún ìwé òun ṣe, ìyá á rò pé páásípọ́ọ̀tù ló ń wí, bàbá á rò pé ó ti fẹ́ di ọmọ onílùú. Kì í ṣe èkíní, kì í ṣe èkejì. Ìwé ọdún méjì ni. Bí ọdún méjì bá ti ń pé lọ, àfi kó tún un ṣe, bí kò bá sì tún un ṣe lásìkò, ó lè má rí i gbà mọ́.

Ọmọ ni mo ń pè é, nítorí ojú tí ilé fi ń wò ó nìyẹn. Ẹni tó kéré jù nínú wọn ti kọjá ọdún 18, àwọn àgbà wọn ti lé ní 40, àwọn náà sì ti ń tọ́ ọmọ.

Ibi tí ìwé náà ti wá

Ọjọ́ 15 oṣù Kẹfà, 2012, ni ìjọba Ààrẹ Barack Obama gbé ètò DACA kalẹ̀. Janet Napolitano, tó ń darí iléeṣẹ́ ààbò abẹ́lé wọn nígbà náà, ló fọwọ́ sí ìwé àṣẹ rẹ̀. Àwọn tó wà fún ni àwọn tí wọ́n wọ Amẹ́ríkà kí wọ́n tó pé ọmọ ọdún 16, tí wọn kò tíì pé 31 lọ́jọ́ tí ètò náà bẹ̀rẹ̀, tí wọ́n ti ń gbé ibẹ̀ láìkúrò láti ọjọ́ 15 oṣù Kẹfà, 2007, tí wọ́n wà níléèwé tàbí tí wọ́n ti jáde girama, tí wọn kò sì ní ọ̀ràn ńlá lọ́rùn. Ìjọba ní òun kò ní lé wọn fún ọdún méjì, òun á sì fún wọn ní ìwé àṣẹ iṣẹ́. Kò ju bẹ́ẹ̀ lọ. Kò sọ wọ́n di ará ìlú, kò fún wọn ní ọ̀nà àtigba green card, wọn kò sì lè fi ìwé náà pe bàbá tàbí ìyá wọn wá. Àbá òfin tí ìbá fún wọn ní ìwé gidi, tí wọ́n ń pè ní Dream Act, ti wà nílé aṣòfin láti 2001, kò sì tíì di òfin.

Nítorí pé àṣẹ ìjọba lásán ni, kóòtù ni wọ́n ti ń fà á látìgbà náà. Ní oṣù Kẹsàn-án 2017, ìjọba Donald Trump ní òun fẹ́ fòpin sí i. Ní ọjọ́ 18 oṣù Kẹfà, 2020, adájọ́ márùn-ún nínú mẹ́sàn-án ní ilé ẹjọ́ tó ga jù lọ sọ pé ọ̀nà tí ìjọba gbà fòpin sí i kò bófin mu. Ní ọjọ́ 16 oṣù Keje, 2021, Adájọ́ Andrew Hanen ní Texas dájọ́ pé ètò náà gan-an kò bófin mu. Ó ní kí wọ́n má fọwọ́ sí ti ẹni tuntun mọ́, ṣùgbọ́n kí àwọn tó ti wà nínú rẹ̀ máa tún tiwọn ṣe lọ. Ibẹ̀ ni gbogbo ohun tí mo fẹ́ sọ nínú orí yìí dúró lé. Ilẹ̀kùn ìwọlé ti tì. Ẹni tó bá jẹ́ kí tirẹ̀ bọ́ lọ́wọ́, ẹni tuntun ló dà lójú wọn, fọ́ọ̀mù rẹ̀ á sì kàn wà nílẹ̀ ni.

Ní ọjọ́ 17 oṣù Kìíní, 2025, ilé ẹjọ́ kòtẹ́milọ́rùn sọ pé kí ìdájọ́ Hanen mọ sí Texas nìkan, ó sì ya ìdáàbòbò kúrò lọ́wọ́ lílé sọ́tọ̀ sí ìwé àṣẹ iṣẹ́: èkíní lè dúró kí èkejì má dúró ní ìpínlẹ̀ yẹn. Texas kan náà ni Houston wà, níbi tí àwọn ọmọ wa pọ̀ sí. Ẹni tó bá ń gbé ibẹ̀ kó máa bi lọ́yà léèrè bí ẹjọ́ náà ṣe ń lọ kó tó tún ìwé ṣe, kódà kó tó kó lọ sí ìpínlẹ̀ mìíràn tàbí kó tó kó bọ̀.

Àwọn Mẹ́síkò ló pọ̀ jù nínú àwọn tó ní DACA. Tiwa kò tó nǹkan lẹ́gbẹ̀ẹ́ tiwọn, ìdí sì nìyẹn tí ìròyìn rẹ̀ kì í fi í dé etí wa. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ ká má ṣe bí ẹni tí kò rí irú rẹ̀ rí. Ní oṣù Kọkànlá 1969, ìjọba Busia ní Ghana fún àjèjì tí kò ní ìwé ìgbélùú ní ọ̀sẹ̀ méjì péré. Àwọn ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́, Ọ̀ffà àti Èjìgbò tí wọ́n gbé débẹ̀ ní kékeré, tí wọn kò mọ ilé mìíràn, wà lára àwọn tó di ẹrù. Àwọn kan nínú wọn ṣì wà láàyè tí wọ́n lè sọ fún yín ohun tí ìwé tí kò sí lápò ẹni ń fà.

Ọjọ́ tó wà lára káàdì

Káàdì iṣẹ́ ọmọ náà ní àmì C33 lára, ọjọ́ tí yóò parí sì wà níwájú rẹ̀. Ọjọ́ yẹn ni kí ẹ mọ̀. Kí ọmọ fi ọjọ́ náà nìkan ránṣẹ́, kó má fi àwòrán káàdì ránṣẹ́ o. Àwòrán tó bá ti wọ WhatsApp ẹbí, kò síbi tí kò lè dé. Ẹ kọ ọ́ sára kàlẹ́ńdà tó wà lára ògiri, kí ẹ wá máa kà á padà sẹ́yìn.

USCIS, àjọ tó ń rí sí ìwé àwọn àjèjì, ní kí wọ́n fi fọ́ọ̀mù sílẹ̀ láàárín 150 ọjọ́ sí 120 ọjọ́ ṣáájú kí káàdì tó parí. Bí ó bá máa parí ní ọjọ́ 30 oṣù Kọkànlá, 2026, á jẹ́ pé láàárín ọjọ́ 3 oṣù Keje sí ọjọ́ 2 oṣù Kẹjọ ni kó ti fi í sílẹ̀. Bó bá yá jù bẹ́ẹ̀, kò mú ìdáhùn yá. Bó bá pẹ́ jù bẹ́ẹ̀, wọ́n á ṣì gbà á, àmọ́ káàdì lè parí kí tuntun tó dé, rìsíìtì pé ó ti fi fọ́ọ̀mù sílẹ̀ kò sì rọ́pò káàdì. Lọ́jọ́ tí káàdì bá parí, agbanisíṣẹ́ gbọ́dọ̀ dá a dúró, bó ti wù kí iṣẹ́ rẹ̀ dára tó. Ní àwọn ìpínlẹ̀ kan, láísẹ́ǹsì ọkọ̀ rẹ̀ náà á parí tẹ̀lé e.

Bí ó bá ti parí, ó ṣì ní ọdún kan tó fi lè tún un ṣe gẹ́gẹ́ bí ẹni tó ti wà nínú ètò. Bó bá ti ju ọdún kan lọ, ẹni tuntun ni, ẹ sì ti gbọ́ ohun tí kóòtù sọ nípa ẹni tuntun. Mo ti gbọ́ tí àwọn kan ń sọ pé, “Kò sí wàhálà, ọdún kan ṣì wà.” Ọdún kan láìsí iṣẹ́, láìsí ààbò, ni wọ́n ń pè ní kò sí wàhálà yẹn.

Fọ́ọ̀mù, orúkọ àti owó

Fọ́ọ̀mù mẹ́ta ló ń rìn pọ̀: I-821D fún DACA fúnra rẹ̀, I-765 fún káàdì iṣẹ́, àti I-765WS tó ń béèrè iye tó ń wọlé fún un lọ́dún, iye tó ń ná, àti iye tí ohun ìní rẹ̀ tó. Ó lè fi wọ́n ránṣẹ́ lórí íntánẹ́ẹ̀tì tàbí kó kọ wọ́n sórí pépà. Bó bá jẹ́ pépà, ọwọ́ ara rẹ̀ ni kó fi buwọ́ lù wọ́n, kó fi fótò méjì sí i àti ẹ̀dà káàdì rẹ̀, iwájú àti ẹ̀yìn. Ìwé tó ti fi ránṣẹ́ lọ́jọ́sí, wọn kò ní béèrè rẹ̀ mọ́, àyàfi bí ọ̀ràn kóòtù tàbí ti ọlọ́pàá kan bá wà tí wọn kò tíì gbọ́. Lẹ́yìn náà wọ́n á fi rìsíìtì ránṣẹ́, wọ́n sì lè pè é kó wá tẹ̀ka. Ìpè ìtẹ̀ka kì í ṣe ohun tí èèyàn ń pa jẹ. Bí ọjọ́ náà kò bá rọrùn, kó yáa béèrè kí wọ́n sún un síwájú kí ọjọ́ náà tó pé. Bó bá kó nílé, ọjọ́ mẹ́wàá péré ló ní láti sọ àdírẹ́sì tuntun fún wọn.

Ní ti ohun ìní, ilé tí bàbá kọ́ sí Kabala Costain kì í ṣe ti ọmọ títí bàbá yóò fi kọ ọ́ fún un. Kó má fi gbéra ga lórí fọ́ọ̀mù. Bí ẹ bá sì ti fi orúkọ rẹ̀ ra ilẹ̀ kan láìsọ fún un, bí àwọn ẹbí kan ti máa ń ṣe, ẹ sọ fún un kó tó buwọ́ lùwé.

Orúkọ ló máa ń dà wá láàmú jù, pàápàá àwa tí a wà lókè Ọya. Iléèwé níhìn-ín a máa kọ orúkọ ọmọ tẹ̀lé ti bàbá rẹ̀: ọmọ tó ń jẹ́ Rasheed, tí bàbá rẹ̀ ń jẹ́ Sulaiman, á di Rasheed Sulaiman nínú ìwé iléèwé, nígbà tí páásípọ́ọ̀tù rẹ̀ ń jẹ́ orúkọ ìdílé. Ìwé kan lè ní orúkọ Yorùbá níwájú, òmíràn á ní ti mùsùlùmí tàbí ti ìrìbọmi. Òfin kan ló wà: bí orúkọ ṣe tò nínú DACA àkọ́kọ́ ni kó tò ní ti òní. Àyè wà nínú fọ́ọ̀mù fún orúkọ mìíràn tí èèyàn ti jẹ́ rí. Ibẹ̀ ni kó kó àwọn tó kù sí. Ẹni tó bá ti gbéyàwó tàbí tó ti lọ sílé ọkọ tó sì yí orúkọ padà, kó fi ìwé rẹ̀ sí i.

Láti ọjọ́ 1 oṣù Kẹrin, 2024, owó rẹ̀ jẹ́ $555 lórí íntánẹ́ẹ̀tì, $605 lórí pépà. Ìdásílẹ̀ kúrò nínú owó yìí ṣọ̀wọ́n, ẹni tó bá sì fẹ́ ẹ gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ tọrọ rẹ̀ kó tó fi fọ́ọ̀mù sílẹ̀. Kó wo uscis.gov lọ́sẹ̀ tó fẹ́ san án, nítorí owó yìí ti yí padà rí, wọ́n sì lè tún yí i.

Ẹ jẹ́ ká sọ òótọ́ fún ara wa nípa owó. Ilé ló sábà máa ń gbé owó yìí lọ kó tó pé. Iléyá dé, Kérésì dé, owó iléèwé àbúrò dé, òrùlé ń jò, ẹgbẹ́ ọmọ ìbílẹ̀ ń kọ́ gbọ̀ngàn, ọmọ á sì máa fi ránṣẹ́ nítorí kò fẹ́ kí wọ́n pe òun ní abara-móore-jẹ. Ẹ ṣírò $555 sí náírà kí ẹ wò ó, kí ẹ fi owó lọ́yà lé e, kí ẹ sì rántí pé ọdún méjì méjì ló ń padà wá. Ìmọ̀ràn tèmi ni pé bó bá ti ku oṣù mẹ́fà kí káàdì parí, kí ilé yé béèrè owó, àyàfi ti ilé ìwòsàn. Bí káàdì tuntun bá dé, iṣẹ́ á ṣì wà, ilé náà á sì tún máa rí gbà.

Nígbà tí ilé bá ní kó wá

Ohun tó ń ba DACA jẹ́ ju gbígbàgbé ọjọ́ lọ nìyí, láti ilé ló sì ti ń wá. Bàbá àgbà kú. Ẹbí pàdé, wọ́n mú ọjọ́ ìsìnkú, wọ́n pín ìnáwó, ẹnì kan sì gbé fóònù: “Ìwọ ni àkọ́bí, o gbọ́dọ̀ wá da yẹ̀pẹ̀ sí i.” Ọmọ tí kò fẹ́ kí wọ́n bú òun ra tíkẹ́ẹ̀tì.

Ẹni tó ní DACA tó bá jáde ní Amẹ́ríkà láìkọ́kọ́ gba ìwé tí wọ́n ń pè ní advance parole, DACA rẹ̀ tán lọ́jọ́ náà. Kò tún tán síbẹ̀. Àwọn ọjọ́ tó fi gbé ibẹ̀ láìníwèé lẹ́yìn tó pé ọdún 18 ni wọ́n máa kà fún un. Bó bá lé ní 180 ọjọ́, ọdún mẹ́ta ni kò ní fi lè padà wọlé; bó bá tó ọdún kan, ọdún mẹ́wàá ni. Ọjọ́ tó fi wà lábẹ́ DACA kò sí nínú kíkà náà, ṣùgbọ́n ẹni tó ti pé ọdún 20 tàbí 22 kó tó gba DACA ní 2012 ti ní ju ọdún kan lọ tẹ́lẹ̀. Ó wá sìnkú fún ọ̀sẹ̀ kan, ó sì pàdánù iṣẹ́, ilé, àti àwọn ọmọ tó bí síbẹ̀, tí àwọn jẹ́ ọmọ onílùú.

Fọ́ọ̀mù I-131 ni wọ́n fi ń tọrọ advance parole, owó tirẹ̀ sì yàtọ̀. Ìdí mẹ́ta ni wọ́n ń gbà: ẹ̀kọ́, iṣẹ́, àti ọ̀ràn ojú àánú bí àìsàn tàbí ikú ẹbí. Ìgbéyàwó àbúrò kò sí níbẹ̀. Oyè tí wọ́n fẹ́ fi bàbá jẹ kò sí níbẹ̀. Ìsinmi Kérésì kò sí níbẹ̀. Ó lè gba ọ̀pọ̀ oṣù kí ìwé náà tó jáde, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ọ́fíìsì USCIS tó wà nítòsí ọmọ lè gbọ́ ọ̀ràn pàjáwìrì.

Fún àwa mùsùlùmí, ọ̀rọ̀ ti parí níbẹ̀ ná: ọjọ́ kan náà la ń sin òkú wa, kò sí ìwé tó lè yá tó bẹ́ẹ̀. Kò sẹ́ni tó lè bá ọmọ wí pé kò sí níbi jánásà. Kó wo fídáù ọjọ́ mẹ́jọ lórí fóònù, kó fi sàráà ránṣẹ́. Àwọn ẹbí kìrìsìtẹ́nì tó lè gbé òkú sí mọ́ṣúárì ní àyè díẹ̀, ṣùgbọ́n kí wọ́n má mú ọjọ́ ìsìnkú kí wọ́n tó béèrè bóyá ìwé ọmọ ti jáde. Bí kò bá jáde, kí wọ́n sìnkú.

Àìsàn òbí ni mo rò pé ó tó ohun tí èèyàn lè torí rẹ̀ béèrè ìwé yìí lákòókò tí kóòtù ń fa ètò náà báyìí. Bí ó bá sì di bẹ́ẹ̀, iṣẹ́ ilé pọ̀. Ẹ gba lẹ́tà lọ́wọ́ dókítà, yálà Barau Dikko ni wọ́n dá ìyá dúró sí ni o, tàbí St. Gerard ní Kakuri: lórí pépà tó ní orúkọ ilé ìwòsàn, kí orúkọ aláìsàn pé bó ṣe wà nínú ìwé rẹ̀, kí irú àìsàn náà hàn, kí déètì àti ìbuwọ́lù wà níbẹ̀. Ẹ fi ìwé ẹ̀rí ìbí ọmọ tó ní orúkọ ìyá náà tì í. Ìwé tó bá wà ní èdè Hausa tàbí Lárúbáwá, ẹ jẹ́ kí wọ́n túmọ̀ rẹ̀ sí Gẹ̀ẹ́sì. Ẹ sì jọ̀wọ́, ẹ má jẹ́ kí àgẹ́ǹtì kankan fi orúkọ màmá tó ń jẹ tùwó nínú yàrá gba ìwé ẹ̀rí ikú. Wọ́n ń ṣe é. Ẹ̀tàn nínú fáìlì kan lè bá ọmọ dé ọjọ́ tó máa béèrè green card.

Ẹni tó bá rí ìwé náà gbà gbọ́dọ̀ ní páásípọ́ọ̀tù Nàìjíríà tó ṣì dára. Ó lè tún un ṣe ní ẹ́ńbásì wa ní Washington tàbí ní kọ́ńsúlétì New York àti Atlanta, wọ́n á sì béèrè NIN rẹ̀. Kó padà kí ọjọ́ tí advance parole máa parí tó pé. Bí bàálù bá sún ọjọ́ síwájú, ọjọ́ ti ìwé kò ní sún. Àwọn òṣìṣẹ́ bàálù ní Èkó tàbí Abuja á béèrè ìwé náà kí wọ́n tó jẹ́ kó wọlé. Àwọn aṣọ́bodè Amẹ́ríkà sì ṣì lè kọ̀ fún un lẹ́nu ọ̀nà. Ẹni tí adájọ́ ti pàṣẹ rí pé kí wọ́n lé kúrò nílùú, kó má tilẹ̀ dábàá ìrìnàjò láìjẹ́ pé lọ́yà ti yẹ fáìlì rẹ̀ wò.

Páásípọ́ọ̀tù àtijọ́ inú àpótí

Ẹ jẹ́ kí n wá sọ ohun tí ilé lè ṣe tí kò ní ná wọn ní kọ́bọ̀.

Ọ̀pọ̀ àwọn Mẹ́síkò tó ní DACA fi ẹsẹ̀ gba bodè kọjá. Tiwa sábà máa ń wọ bàálù, pẹ̀lú físà nínú páásípọ́ọ̀tù, tí aṣọ́bodè sì fi òǹtẹ̀ lu ú. Àsìkò tí wọ́n fún un láti fi gbé ibẹ̀ pé lẹ́yìn oṣù mẹ́fà, ọmọ kò padà, ibẹ̀ ni ọ̀ràn ti bẹ̀rẹ̀. Àmọ́ òǹtẹ̀ yẹn níyelórí títí di òní. Lábẹ́ òfin Amẹ́ríkà, ẹni tí wọ́n yẹ̀ wò lẹ́nu bodè tí wọ́n sì jẹ́ kó wọlé, bó bá fẹ́ ọmọ onílùú tọkàntọkàn, lè béèrè green card láìjáde ní Amẹ́ríkà, bí físà rẹ̀ tilẹ̀ ti parí láti ogún ọdún. Bẹ́ẹ̀ náà ni bí ọmọ tó bí síbẹ̀ bá pé ọdún 21 tó sì béèrè fún òbí rẹ̀. Ẹni tó gba bodè kọjá láìsí ẹni tó yẹ̀ ẹ́ wò kò ní àǹfààní yìí tó bẹ́ẹ̀. Ohun tí wọ́n á sì béèrè lọ́wọ́ ọmọ yín lọ́jọ́ tó bá ń béèrè green card ni pé: ẹ̀rí dà?

Ẹ̀rí náà lè wà nínú àpótí yín. Ìyá tó mú ọmọ lọ tó sì dá padà wá máa ń kó gbogbo páásípọ́ọ̀tù wálé. Ẹ wá èyí tó lò nígbà náà. Ẹ wo ojú ìwé físà, ẹ wo òǹtẹ̀ ìwọlé, ẹ wò ó bóyá pépà kékeré funfun tí wọ́n ń pè ní I-94 ṣì wà nínú rẹ̀. Títí di 2013, pépà gidi ni wọ́n ń fún àwọn tó bá wọ bàálù. Ẹ ya fótò ojú ìwé kọ̀ọ̀kan, ẹ fi ránṣẹ́ sí ọmọ nìkan, kí ẹ wá ẹni tó ṣeé gbẹ́kẹ̀ lé tó máa bá yín mú páásípọ́ọ̀tù náà lọ fún un. Bí ó bá jẹ́ inú páásípọ́ọ̀tù ìyá ni orúkọ ọmọ wà, èyí náà ni ẹ̀rí. Àwọn tó rán ọmọ lọ lẹ́yìn rògbòdìyàn Kaduna ní 2000, tí ilé wọn sì jóná, lè má rí nǹkan kan. Kí ọmọ má sọ̀rètí nù, ó lè béèrè àkọsílẹ̀ ìwọlé rẹ̀ lọ́wọ́ ìjọba Amẹ́ríkà fúnra wọn.

Bí ó bá sì jẹ́ páásípọ́ọ̀tù ọmọ ẹlòmíràn ni wọ́n fi gbé e wọlé, ẹ sọ ọ́. Ó ti ṣẹlẹ̀, ojú sì ń ti ọ̀pọ̀ òbí láti sọ ọ́. Lọ́yà tó bá gbọ́ ọ lónìí lè mọ ohun tó máa ṣe. Èyí tó bá gbọ́ ọ lẹ́nu òṣìṣẹ́ ìjọba ti pẹ́ jù.

Ìwé ọjọ́ orí tún wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ìwé ìbí láti ọ̀dọ̀ Àjọ Ètò Ìkànìyàn kì í ṣe ohun tí wọ́n ń béèrè fún títún DACA ṣe, ṣùgbọ́n ọmọ á nílò rẹ̀ lọ́jọ́ iwájú. Ẹ bá a gbà á, pẹ̀lú ọjọ́ ìbí tó wà nínú fáìlì rẹ̀. Àwa kan wà tí a ti gé ọjọ́ orí ọmọ kù nítorí bọ́ọ̀lù tàbí nítorí àtiwọ iléèwé ìjọba. Bí ọmọ bá sọ 1990 fún Amẹ́ríkà, tí ìwé tí ẹ gbà ní Kaduna bá ń sọ 1992, ẹ̀yin lẹ kó o sí wàhálà. Ẹ bi í léèrè kí ẹ tó lọ búra.

Ọlọ́pàá, igbó àti ìbò

Èyí kò gba àlàyé púpọ̀. Ẹni tí ọlọ́pàá mú nítorí pé ó mutí wakọ̀, tí kóòtù sì dá a lẹ́bi, lè pàdánù DACA lórí ẹyọ ọ̀ràn yẹn nìkan. Igbó mímu tí àwọn ìpínlẹ̀ kan ti gbà láyè, ìjọba àpapọ̀ kò gbà á, ìjọba àpapọ̀ ló sì ń fúnni ní DACA. Bí ọlọ́pàá bá ti mú un rí, kódà tí wọ́n tú u sílẹ̀, kó gba ìwé ìdájọ́ lọ́wọ́ kóòtù, kó fi han lọ́yà kó tó fọwọ́ kan fọ́ọ̀mù. Kó má forúkọ sílẹ̀ fún ìbò, kó má sì ṣe fa igi síbi tí wọ́n ti béèrè bóyá ọmọ onílùú ni, ìbáà ṣe níbi tí wọ́n ti ń gba láísẹ́ǹsì ọkọ̀ tàbí níbi iṣẹ́. Irọ́ yẹn ò ní oògùn.

Ẹni tó lè ràn án lọ́wọ́

Lọ́yà tó ní ìwé àṣẹ ní ìpínlẹ̀ kan ní Amẹ́ríkà, tàbí aṣojú tí iléeṣẹ́ ètò ìdájọ́ wọn fọwọ́ sí, tó ń ṣiṣẹ́ lábẹ́ ẹgbẹ́ aláàánú, àwọn méjèèjì yìí nìkan ni òfin gbà kí wọ́n fún èèyàn nímọ̀ràn lórí fọ́ọ̀mù wọ̀nyí. Àwọn ẹgbẹ́ aláàánú náà kì í gba owó púpọ̀, àwọn mìíràn kì í gbà rárá. Ẹgbẹ́ kan wà tó jẹ́ ti àwọn aláwọ̀ dúdú tí kò níwèé, UndocuBlack Network, tó bẹ̀rẹ̀ ní 2016. Ọmọ tó bá rò pé òun nìkan ni ọmọ Áfíríkà tó wà nínú ọ̀ràn yìí á rí àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ níbẹ̀.

Ẹni tó bá yín sọ̀rọ̀ ní Kaduna pé òun mọ ẹnì kan nínú ẹ́ńbásì Amẹ́ríkà tó lè bá ọmọ tún DACA ṣe ń purọ́ fún yín: ẹ́ńbásì kò ní ọwọ́ nínú rẹ̀ rárá, inú Amẹ́ríkà nìkan ni wọ́n ti ń ṣe é. Ẹni tó bá ní òun lè gba DACA tuntun fún ọmọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ fẹ́ rìnrìn àjò náà ń purọ́, nítorí ẹni tí kò sí ní Amẹ́ríkà láti 2007 kò lè wọ inú ètò náà. Fọ́ọ̀mù mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, ọ̀fẹ́ ni wọ́n wà lórí uscis.gov. Ẹni tó bá tà wọ́n fún yín, ẹ má san kọ́bọ̀.